Ohun tí ẹ̀rọ MRI ń rí nínú ọpọlọ, àti ohun tí kì í rí

Ẹ jẹ́ ká fi ìyá kan tó ń ta aṣọ ní ọjà Tejúoṣó, ní Yábà, ṣe àpẹẹrẹ. Òsúkè mú un lọ́jọ́ Àìkú. Ó mu omi, ó séèémí, ọmọ rẹ̀ dẹ́rù bà á láti ẹ̀yìn, òsúkè ò lọ. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Wọ́n ní inú ló ń dà á láàmú, wọ́n fún un lóògùn inú, nígbà tó sì tó bí ọ̀sẹ̀ méjì, ó lọ fúnra rẹ̀. Oṣù díẹ̀ kọjá, ojú ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún bó bá ti yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́, kò sì pẹ́ tí ojú náà fi ń ṣú. Ó lọ ra gíláàsì ní Ojúẹlẹ́gba. Ìgbà tí ẹsẹ̀ méjèèjì kú, tí ìtọ̀ sì kọ̀ tí kò jáde mọ́, ni wọ́n tó gbé e dé LUTH ní Ìdí-Àràbà.

Òsúkè, ojú, ẹsẹ̀. Lójú ará ilé, àìsàn mẹ́ta ni. Dókítà tó bá fara balẹ̀ gbọ́ ìtàn náà láti ìbẹ̀rẹ̀ á fura pé ẹyọ kan ni, pé inú ọpọlọ àti okùn tó gba inú ọ̀pá ẹ̀yìn kọjá ni gbogbo rẹ̀ ti ń wá. Á kọ ìwé kékeré kan fún wọn pé kí wọ́n lọ ṣe MRI. Ìwé kékeré yẹn ló gbé mi dé ibí. Owó ńlá ni ẹ fẹ́ lọ san, ó yẹ kí ẹ mọ ohun tí ẹ̀rọ náà ń ṣe.

Ẹ jẹ́ ká ti orí oówo bẹ̀rẹ̀. Ibi tí oówo bá ti fẹ́ yọ á wú, á pọ́n, á gbóná, á sì máa ta yín. Àwọn ọmọ ogun ara ló rọ́ wọ ibẹ̀, tí wọ́n ń bá kòkòrò àìsàn jà. Inflammation ni àwọn dókítà ń pe ìjà yẹn. Iná abẹ́nú ni èmi ó máa pè é. Iná yìí kì í ṣe ọ̀tá wa. Bí kò bá sí i, ẹ̀gún tó gún wa lẹ́sẹ̀ lásán lè pa wá.

Ìgbà tí ọmọ ogun bá ṣi ènìyàn mú ni ọ̀ràn dé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé Mushin mọ ọdẹ àdúgbò, ẹni tí kì í sùn kí ẹ̀yin lè sùn. Ẹ wá wò ó pé lóru ọjọ́ kan, ọmọ lánlọ́ọ̀dù ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, ọdẹ rò pé olè ni, ó sì yìnbọn fún un. Ọdẹ ò ya ọ̀dàlẹ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n gbà á sí ló rò pé òun ń ṣe. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọmọ ogun ara ṣe ń kọjú ìjà sí ọpọlọ oníǹkan nínú àwọn àìsàn tí mò ń sọ yìí.

Nínú ọpọlọ, ohun tó sábà máa ń fara gbá a ni rọ́bà. Àwọn iṣan tó ń gbé iṣẹ́ láti ọpọlọ dé ojú, dé ọwọ́, dé ẹsẹ̀, wọ́n ní ọ̀rá kan tó wé mọ́ wọn lára bí rọ́bà ṣe wé mọ́ wáyà iná. Myelin ni orúkọ rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká máa pè é ní rọ́bà iṣan. Bí eku bá jẹ rọ́bà wáyà ilé yín, gílóòbù á máa ṣẹ́jú, tó bá yá á kú. Ojú tó ń ṣú àti ẹsẹ̀ tó ń kú, irú rẹ̀ ni.

Oówo wà lójú awọ, ẹ lè fọwọ́ kàn án. Ti ọpọlọ wà lábẹ́ agbárí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kọ́kọ́ ṣe CT, torí pé ó yá, owó rẹ̀ ò sì tó ti MRI. Ìtànṣán X-ray ni CT ń lò. Tí ẹ̀jẹ̀ bá ya sínú ọpọlọ, tí egungun bá fọ́ nínú ìjàǹbá ọkọ̀, ó dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n iná abẹ́nú tí kò ju hóró ẹ̀wà lọ lè wà níbẹ̀ kí CT má rí i rárá. Tí wọ́n bá ní CT yín mọ́, tí ojú sì ń ṣú síbẹ̀, ẹ má tíì lọ ṣe ìdúpẹ́.

MRI ò lo X-ray. Omi inú ara yín gan-an ló ń bá sọ̀rọ̀. Nínú ẹ̀kán omi kọ̀ọ̀kan, ohun tíńtínní kan wà tí wọ́n ń pè ní hydrogen, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì dà bí òòfà kékeré. Lójoojúmọ́ ayé, kálukú wọn kọjú síbi tó wù ú, bí èrò abẹ́ bíríìjì Ojúẹlẹ́gba ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Ẹ̀rọ MRI fúnra rẹ̀ jẹ́ òòfà ńlá oníhò. Bí ẹ bá ti wọ inú rẹ̀, àwọn òòfà kékeré wọ̀nyí á tò bí ọmọ iléèwé lórí asẹ́ńbílì. Kí n má purọ́, kì í ṣe gbogbo wọn ló ń gbọ́ràn. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni, ṣùgbọ́n wọ́n pọ̀ tó.

Nígbà tí wọ́n bá ti tò tán, ẹ̀rọ náà á fi ìgbì rédíò kàn wọ́n, wọ́n á tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó dáwọ́ dúró, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í padà sáyè wọn. Bí wọ́n ṣe ń padà, àwọn náà ń fi ìgbì rédíò ránṣẹ́, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ sétí. Ohun kan tó dà bí akoto ọlọ́kadà, tí wọ́n gbé lé yín lórí, ló ń gbọ́ ọ. Èyí tó wà nínú ọ̀rá kì í pẹ́ padà. Èyí tó wà nínú omi a máa fi falẹ̀. Ìyàtọ̀ yẹn ni kọ̀ǹpútà ń lò láti fi ya àwòrán.

Mo fẹ́ràn apá yìí, ẹ gbà mí láyè díẹ̀. Tẹ́sílà ni wọ́n fi ń díwọ̀n agbára òòfà. Ẹ̀rọ oní-1.5 tẹ́sílà ju òòfà ilẹ̀ ayé, èyí tó ń darí kọ́ńpáàsì, lọ ní ìlọ́po 30,000 ó lé. Lórí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, hydrogen inú orí yín ń sọ̀rọ̀ ní nǹkan bíi 64 lórí ìwọ̀n tí à ń lò fún rédíò FM. Ti 3 tẹ́sílà jẹ́ nǹkan bíi 128. Ẹ wo rédíò yín: láti 88 dé 108 ni FM wà. Unilag FM tó wà ní Akọka, 103.1 ni tiwọn. Ààrin 64 àti 128 ni gbogbo rédíò FM Èkó tò sí. Ìdí rẹ̀ nìyí tí wọ́n fi ń fi bàbà bo ògiri, òkè àti ilẹ̀ yàrá MRI látòkè délẹ̀, kí ariwo ìgboro má baà bo ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ tó ń bọ̀ láti inú ọpọlọ. Wọ́n tún máa ń fi bàbà sí ìlẹ̀kùn. Bí ẹ bá rí i tí wọ́n ń wá bí ìlẹ̀kùn náà ṣe máa padé dáadáa kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, ẹ ti mọ ìdí.

Ariwo tí ẹ̀yin fúnra yín máa gbọ́ yàtọ̀. Ó dà bí ìgbà tí àwọn tó ń na páànù mọ́tò ní Ladipọ bá jọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà: gbà-gbà-gbà, dáké, gbúù-gbúù-gbúù. Wáyà tí iná ń gba inú rẹ̀ kọjá nínú òòfà ńlá ló ń ta gìrì. Wọ́n á fún yín ní ohun tí ẹ máa fi di etí, wọ́n á sì fi rọ́bà kan sí yín lọ́wọ́ tí ẹ lè tẹ̀ bí àyà bá ń já yín. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí kan lẹ máa lò. Ẹ má mira.

Àwòrán tí wọ́n ń yà kì í ṣe ẹyọ kan. Orí kan náà ni wọ́n ń yà lóríṣiríṣi ọ̀nà. Nínú èyí tí wọ́n ń pè ní T1, ọ̀rá funfun, omi dúdú. Nínú T2, omi ló ń tàn yòò. Ibi tí iná abẹ́nú bá sì wà máa ń gba omi sára, torí náà á yọ funfun. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ọpọlọ ní adágún omi tirẹ̀ láàrin, tó mọ́ lóló bí omi kànga. Adágún náà á funfun bákan náà, àmì kékeré tó bá sì wà létí rẹ̀ á sọnù, bí ìgbà tí áńkáṣíìfù funfun bọ́ sórí bẹ́ẹ̀dì funfun. Ọ̀nà kẹta, FLAIR, ń sọ omi adágún di dúdú, ó sì ń fi omi inú ibi tó wú sílẹ̀ ní funfun. Ìgbà yẹn ni àmì á yọjú. Nínú gbogbo àwòrán tí ẹ bá rí lórí fíìmù yín, èyí tí dókítà iṣan máa ń kọ́kọ́ wá nìyẹn.

Ó kù kí a mọ̀ bóyá iná náà ṣì ń jó, àbí eérú ló kù. Ògiri kan wà láàrin ẹ̀jẹ̀ àti ọpọlọ tí kì í jẹ́ kí gbogbo ohun tó bá wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọlé. Iná abẹ́nú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jó máa ń lu ògiri yìí. Wọ́n á fún yín ní abẹ́rẹ́ gadolinium sójú iṣan ọwọ́. Níbi tí ògiri bá lù, oògùn náà á jò wọlé, ibẹ̀ á sì tàn lórí T1. Ibi tí iná ti kú ní ọjọ́ pípẹ́, ògiri ti dí padà, kò ní tàn. Títàn yìí kì í sábà ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ. Nítorí náà, bí orí kan bá ní àmì tó ń tàn àti àmì tí kò tàn pọ̀, dókítà á mọ̀ pé iná ti jó níbẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ò bá dáa, tàbí aboyún, gbọ́dọ̀ sọ ọ́ kí wọ́n tó gún un ní abẹ́rẹ́ yìí.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sọ́dọ̀ ìyá Tejúoṣó. Àìsàn méjì ni dókítà ń fọkàn rò. Èkíní ni multiple sclerosis, tí wọ́n ń gé kúrú sí MS. Ó pọ̀ láàrin àwọn òyìnbó ilẹ̀ olótùútù. Èkejì ni àrùn Devic, tí wọ́n fi orúkọ oníṣègùn ará Faransé tó ṣàlàyé rẹ̀ ní ọdún 1894 pè. Iṣan ojú àti okùn inú ọ̀pá ẹ̀yìn ló máa ń bá jà jù, obìnrin ló sì pọ̀ jù lára àwọn tó ń mú. Ó tún máa ń ba sí ibi kékeré kan ní ìdí ọpọlọ tó ń darí èébì àti òsúkè. Ẹ ti rí ibi tí òsúkè ọjọ́ yẹn ti wá.

Ní Nàìjíríà, ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Oluwakayọde Ọṣuntokun, ọmọ Òkèmẹ̀sí Èkìtì tó ṣiṣẹ́ ní UCH Ìbàdàn, kọ̀wé ní ọdún 1971 nípa àìsàn iṣan tí wọ́n ń rí níbẹ̀. Ó ní MS ṣọ̀wọ́n gan-an, pé àrùn Devic làwọn ń rí jù ú lọ. Ọdún yẹn gan-an ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi CT ya orí ènìyàn fún ìgbà àkọ́kọ́ ní London. Kò tíì sẹ́ni tó fi MRI ya ọpọlọ níbì kankan. Tọ́ọ̀ṣì, òòlù rọ́bà kékeré tí wọ́n fi ń gbá orúnkún, àti etí tó ń gbọ́ ìtàn ni Ọṣuntokun fi rí ohun tó rí. Mo máa ń rántí ọkùnrin náà nígbàkígbà tí mo bá rí ẹni tó rò pé ẹ̀rọ ló ń ṣe dókítà.

Lórí àwòrán, ibi tí àmì wà àti bó ṣe gùn tó ló ń ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀. Nínú MS, àmì inú ọ̀pá ẹ̀yìn máa ń kúrú. Nínú àrùn Devic, ó máa ń gùn, ó sábà máa ń gba eegun ọ̀pá ẹ̀yìn mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú ọpọlọ, àmì MS máa ń to ara wọn sétí adágún omi tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, tí wọ́n nà jáde bí ìka ọwọ́. Ọ̀nà ìyàwòrán tuntun kan tún wà tó ń fi iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín hàn: nínú MS, iṣan ẹ̀jẹ̀ kan máa ń gba àárín àmì náà kọjá, bí òwú ṣe ń gba àárín àbẹ́là. Òfin àyẹ̀wò MS tí wọ́n tún ṣe ní 2024 ti ka òwú àbẹ́là yìí mọ́ ẹ̀rí tí wọ́n lè lò.

Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé lásán. Àwọn oògùn kan tó ń ran oní-MS lọ́wọ́, bíi interferon, lè mú kí àrùn Devic le sí i.

Àmọ́ o, àmì funfun ní òbí púpọ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru tí wọn ò tọ́jú fún ọdún pípẹ́ máa ń fi irú àmì yìí sínú ọpọlọ, ẹ̀yin náà sì mọ iye àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru ní Surulere nìkan. Ikọ́ ẹ̀gbẹ tó gun orí, kòkòrò HIV àti àwọn tó ń tẹ̀lé e, rọpárọsẹ̀ kékeré tí onítọ̀hún ò mọ̀ pé ó ṣe òun, gbogbo wọn lè fi nǹkan funfun sílẹ̀. Àwòrán ń sọ pé nǹkan jó níbí. Kì í sábà dárúkọ ẹni tó ṣáná. Fún àrùn Devic, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló ń dárúkọ rẹ̀. Ní 2004 ni wọ́n rí i pé nínú ẹ̀jẹ̀ ọ̀pọ̀ irú àwọn aláìsàn yìí, ohun ìjà kan wà tí ara ṣe, tó ń dojú kọ ẹnu ọ̀nà tí omi ń gbà wọ inú àwọn ẹ̀yà kan nínú ọpọlọ. Wọ́n tún lè gba omi ẹ̀yìn. Mo mọ̀ pé ẹ̀rù omi ẹ̀yìn ń ba ọ̀pọ̀ yín. Ìsàlẹ̀ ibi tí okùn inú ọ̀pá ẹ̀yìn parí sí ni wọ́n ti ń fa omi náà, kì í ṣe ara okùn fúnra rẹ̀.

Ẹ̀gbẹ́ kejì tún wà tó ń tan ènìyàn jẹ: àìsàn lè wà kí àwòrán mọ́ tónítóní. Ní Yábà, ilé ìwòsàn àwọn tí orí wọn dàrú ti wà láti ọdún 1907, débi pé orúkọ àdúgbò náà ti di àwàdà lẹ́nu ará Èkó. Ẹ wo irú ẹni tí wọ́n máa ń ní Yábà ló kàn: ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí ara rẹ̀ yá tẹ́lẹ̀ á ṣàdédé máa sọ ìsọkúsọ, á ní wọ́n ń lé òun, kò ní sùn, á máa fi ẹnu jẹ ohun tí kò sí lẹ́nu rẹ̀, wárápá á gbé e. Ilé àdúrà ni wọ́n máa kọ́kọ́ gbé e lọ. Lọ́dún 2007 ni Josep Dalmau àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ṣàlàyé pé nínú àwọn kan lára irú wọn, ọmọ ogun ara ló ń bá ọpọlọ jà. Ó ju ìdajì wọn lọ tí MRI wọn kì í fi nǹkan kan hàn níbẹ̀rẹ̀. Akọ̀ròyìn kan ní New York, Susannah Cahalan, wà lára wọn ní 2009. MRI rẹ̀ mọ́. Dókítà kan wá fún un ní bébà, ó ní kó ya ojú aago. Ó to gbogbo nọ́ńbà sí apá ọ̀tún, ó fi apá òsì sílẹ̀ lófìfo. Ibẹ̀ ni dókítà ti mọ̀ pé ọpọlọ ń jó. Oògùn tó pa iná náà ló mú un padà sẹ́nu iṣẹ́.

Kí ló dé tí MRI fi wọ́n tó bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ wa? Ní 2018, Dókítà Godwin Ogbole ti Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ka gbogbo èyí tó wà ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Wọ́n rí 84. Nàìjíríà ní 58 nínú rẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn ni òòfà wọn ò lágbára.

Iná NEPA wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Inú helium olómi ni òòfà 1.5 tẹ́sílà ń gbé, afẹ́fẹ́ kan náà tí wọ́n ń fi kún bàlúù ọlọ́jọ́ ìbí, tí wọ́n ti mú tutù dé ìwọ̀n 269 sísàlẹ̀ òdo. Ẹ̀rọ amútutù rẹ̀ ò gbọ́dọ̀ sinmi, tọ̀sán tòru, bóyá aláìsàn wà níbẹ̀ tàbí kò sí. Bí iná bá lọ tí jẹnẹrétọ̀ ò sì gbé e, helium á bẹ̀rẹ̀ sí í fò lọ díẹ̀díẹ̀, láti òkè òkun sì ni wọ́n ti ń ra òmíràn. Owó díísù wà nínú ohun tí ẹ̀ ń san. Òòfà tí kò nílò helium náà wà, 0.2 sí 0.4 tẹ́sílà; ó ń fara da ìlú wa, ṣùgbọ́n ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ yẹn ò dún tó létí rẹ̀, àmì kékeré lè bọ́. Ní 2020 ni Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ọ̀kan tó ní táyà, 0.064 tẹ́sílà, tí wọ́n ń tì dé ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n sì ń ki sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri. Ohun ńlá ló lè rí. Ẹ má fi wá òwú àbẹ́là.

Nítorí náà, kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè pé tẹ́sílà mélòó ni. Ẹ tún wo ìwé tí dókítà kọ. Bí ó bá kọ “MRI ọpọlọ” tí kò kọ nǹkan mìíràn, ẹ fi ọ̀wọ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kó fi ìtàn sí i: òsúkè nígbà báyìí, ojú ọ̀tún nígbà báyìí, ẹsẹ̀ láti ìgbà báyìí. Ẹni tó máa ka àwòrán náà lè má fojú rí yín láé. Bí ó bá mọ̀ pé òsúkè ló ṣáájú, ibi kékeré ìdí ọpọlọ yẹn ló máa kọ́kọ́ wò, bí kò bá sì sí ọ̀pá ẹ̀yìn nínú ohun tí wọ́n ní kí wọ́n yà, ó lè pariwo pé kí wọ́n yà á.

Lẹ́nu ọ̀nà, ẹ bọ́ gbogbo irin sílẹ̀: kọ́kọ́rọ́, fóònù, ìfúnpá, ońdè, irin inú irun àtọwọ́dá, ìlẹ̀kẹ̀ ìdí tó bá ní irin. Ẹni tó ní ẹ̀rọ nínú ọkàn, tàbí tí ọta ìbọn ṣì wà lára rẹ̀, kó sọ ọ́, ì báà ti tó ogún ọdún. Ní 2001, ní ìpínlẹ̀ New York, wọ́n ṣèèṣì gbé sìlíńdà ọ́síjìn wọ yàrá MRI. Òòfà fà á, ó sì pa ọmọ ọdún mẹ́fà tó wà nínú ẹ̀rọ. Òòfà náà kì í kú nígbà tí wọ́n bá pa iná yàrá.

Bí ẹ bá ṣe tán, wọ́n á fún yín ní fíìmù ńlá nínú àpò ìwé. Ẹ gbà á, ṣùgbọ́n ẹ béèrè CD pẹ̀lú, torí fíìmù kò gba gbogbo àwòrán. Ẹ kọ ọjọ́ sí i lára, kí ẹ má sì fi sínú bọ́ọ̀tù mọ́tò tí oòrùn ń pa. Lọ́dún tó ń bọ̀, tí wọ́n bá tún yà yín, dókítà á fẹ́ gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kó máa ka àmì kọ̀ọ̀kan: èyí wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, èyí ti kéré sí i, èyí jẹ́ tuntun.